Etí Ni Mo Fi Jẹun ní Arlington

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí wa ní Arlington, àwọn ọ̀dọ́ tó wá kàwé ní yunifásítì máa ń dúró kí mi níbi tí a ń kó bàtà sí. Èyí tó bá jẹ́ Yorùbá nínú wọn á tẹríba, á ní, "Ẹ káàsán sà. Wọ́n ní ẹ ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe?" Bí mo bá sọ pé ìdí ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, wọ́n á rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí. Mo máa ń yára tún un sọ. Èmi kọ́ ni mo ṣe ìwádìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣe é. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ni èmi ń gbọ́, tí mo sì ń kọ sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn, sà?" Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò dùn mí. Iṣẹ́ ni, ìdí rẹ̀ ni mo sì ti hewú. Torí irú ìbéèrè yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, fún ẹ̀yin tí ẹ ń wò ọ̀tún wò òsì, tí ẹ kò mọ ọ̀nà tí ẹ máa tọ̀.

Tíṣà ni mí ní Ìwó kí n tó tẹ̀lé ìyàwó mi wá sí Texas. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́, èmi ni ẹrù tó gbé dání. Mo wa táksí díẹ̀, mo ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà díẹ̀, títí ẹnì kan fi sọ fún mi pé yunifásítì ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tó sì lè tẹ ìwé. Wọ́n gbà mí. Owó ibẹ̀ tó jẹun, kò tó fi ṣe fáàrí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òyìnbó obìnrin kan, Dókítà Helen, ló ni ìwádìí náà. Ó ti ṣe tíṣà nítòsí Ṣakí nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ohun tó rí níbẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń mú ọmọ dúró sílé-ìwé láwọn ibi tí ilé-ìwé ti nira, àti ohun tó ń lé òmíràn jáde. Ó ní àwọn èèyàn tó máa ń lọ jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wọn ní Nàìjíríà, ní Gánà àti ní Benin, tí wọ́n á gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa. Yàrá tí a ti ń kọ ohùn wọ̀nyí sílẹ̀ wà ní àjà ìsàlẹ̀, kò ní fèrèsé. Ẹlòmíràn ń gbọ́ Faransé, ẹlòmíràn ń gbọ́ Twi. Yorùbá wà lọ́wọ́ Màmá Adéṣọlá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Màmá Adéṣọlá. Ó ti ṣe akọ̀wé ilé-ẹjọ́ n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Rowlett, ìlú mìíràn ní Texas. Ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ ló máa ń kọ. Ó máa ń sọ pé bí akọ̀wé ilé-ẹjọ́ bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, tàbí tó yọ ọ̀kan kúrò, ọmọ ọlọ́mọ lè ti ibẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Èèyàn kúkúrú ni, ó máa ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, gbogbo wa la sì ń bẹ̀rù rẹ̀, títí kan Dókítà Helen.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi ìjókòó hàn mí, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kan lábẹ́ tábìlì tó dà bí ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Rájí, bí o bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, á sọ̀rọ̀. Gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́. Fi tòsì tẹ̀ ẹ́, á padà sẹ́yìn. Gbọ́ ọ tán pátápátá lẹ́ẹ̀kan kí o tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan."

"Ó dáa, mà."

"Mi ò fẹ́ oúnjẹ nínú yàrá yìí. Mi ò fẹ́ kí o máa kọrin sínú. Má sì tún Yorùbá ẹnikẹ́ni ṣe."

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló nira fún mi jù. Mo ti ṣe tíṣà, ọwọ́ mi máa ń yún mi láti tún gbólóhùn ọmọ ṣe. Bí ọmọ Òkèihò bá sọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn, màá ti tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé kí n tó mọ̀. Màmá á fi ìka kan ìwé náà, á ní, "O kì í ṣe tíṣà wọn mọ́." Ìyẹn nìkan náà ni á sọ, á sì da gbogbo ojú ìwé náà padà fún mi.

Ọjọ́ tí mo mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìgbèríko Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀rọ̀ létí mi. Òjò ń rọ̀ sórí páànù lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Mo gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Tíṣà ìṣirò wa ló kọ́ mi." Mo bá tèmi lọ.

Màmá ka ìwé náà, ó pè mí.

"Kí lo kọ síbí?"

"Pé tíṣà ìṣirò ló kọ́ ọ, mà."

"Tíṣà kọ́ ọmọ, ọmọ wá torí ìyẹn kúrò nílé-ìwé?"

Mo tún ojú ìwé náà kà.

"Padà lọ gbọ́ ọ. Gbọ́ ọ bíi pé ọmọ tìrẹ ló ń sọ̀rọ̀."

Mo padà. Mo fi ẹsẹ̀ òsì dá a sẹ́yìn, mo tún gbọ́ ọ, òjò ṣì ń bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Mo dijú. Mo tún dá a padà. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ bí ohùn ọmọ náà ṣe já wálẹ̀. Kò sọ pé ó kọ́ òun. Ohun tó sọ ni pé, "Tíṣà ìṣirò wa ló kọ̀ mí." Tíṣà ti sọ pé kò gbọdọ̀ jókòó sí kíláàsì òun mọ́ torí kò ní ìwé.

Mo gbé e tọ Màmá lọ. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ká ní èyí kọjá báyìí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé àwọn tíṣà ń kọ́ wọn dáadáa, pé ọ̀lẹ làwọn ọmọ. Ìjọba á kà á, wọ́n á gbà á gbọ́. Lọ tún kásẹ́ẹ̀tì náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo tún un kọ. Láti ọjọ́ náà, n kò tẹ ọ̀rọ̀ kan láìfi àmì ohùn sórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ òungbẹ ilé á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, mo máa ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn ohùn akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń gbọ́ odó, mo máa ń gbọ́ ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá gbé omi kalẹ̀. Ìgbà mìíràn, àpò tí wọ́n fi kó kásẹ́ẹ̀tì wá á ṣì ní eruku pupa nínú, màá fi ìka mi kàn án kí n tó gbọ̀n ọ́n dànù. Bí mo bá yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ariwo ẹ̀rọ amúlétutù ni màá gbọ́, màá wá rántí pé Texas ni mo wà. Tí mo bá ń wakọ̀ lọ sílé lórí fíríwéè, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ni mo máa ń rò. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ọmọbìnrin Kìṣí yẹn ti yege o." Ó bi mí pé, "Ìbátan yín wo nìyẹn?" Ẹ̀rín pa mí. N kò tíì dé Kìṣí rí.

Màmá náà ní ibi tó rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń gbé ìkọ́kọrẹ́ wá láti Rowlett. Òfin rẹ̀ kò gba oúnjẹ nínú yàrá, kò sì rú u fún ara rẹ̀. Inú mọ́tò rẹ̀ la ti máa ń jẹ ẹ́, níbi ìgbọ́kọ̀sí, ó máa ń tan hítà tó bá jẹ́ ìgbà òtútù. Ibẹ̀ ló ti máa ń sọ ìtàn ilé-ẹjọ́ fún mi, táwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ọkọ̀ á fi ṣú.

Ọdún kan wá tí òtútù mú ní Texas ju bí ó ṣe ń mú lọ. Wọn kò kọ́ ilé ibí fún irú òtútù yẹn. Wọ́n ti yunifásítì fún ìgbà díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé páìpù omi ti bẹ́ lókè yàrá wa. Màmá ló kọ́kọ́ débẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Rájí, máa bọ̀. Omi ti wọ yàrá."

Nígbà tí mo dé, kápẹ́ẹ̀tì ń fọmi sí mi lábẹ́ bàtà. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí a ń kó kásẹ́ẹ̀tì sí ti kún. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni ohùn àwọn ọmọbìnrin tó ń múra ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ìgbẹ́tì. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ti bàjẹ́, a ń retí ẹni tó máa tún un ṣe, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní fún ọ̀pọ̀ wọn. Mo ti gbọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, bí òfin Màmá ṣe wí, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ ju díẹ̀ lọ.

Màmá kò sunkún. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, a sì ń kó kásẹ́ẹ̀tì lé e. Ilé rẹ̀ ní Rowlett la kó wọn lọ. A tú wọn, a fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, a tò wọ́n sórí táwẹ́ẹ̀lì káàkiri pálọ̀, a tan fáànù sí wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dé láti ibi iṣẹ́ kò ríbi jókòó. Nígbà tí wọ́n gbẹ, a fi wọ́n sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn kan kò sọ nǹkan kan mọ́, ìró bí iyanrìn tí a ń dà sórí páànù ló kù nínú wọn.

Nígbà tí a padà sí yàrá wa ní yunifásítì, Dókítà Helen wá bá wa. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Àwọn tó ń fi owó ran ìwádìí náà lọ́wọ́ ń retí àbọ̀, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ páìpù. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Rájí, o ti gbọ́ gbogbo wọn. Ṣé o rántí?"

"Mo rántí."

"Nígbà náà, kọ ohun tí o rántí."

Màmá dìde. "Dókítà, ohun tí Rájí rántí, ti Rájí ni. Kì í ṣe ti àwọn ọmọ yẹn."

"Bí a kò bá rí nǹkan fi hàn wọ́n, wọ́n lè ti yàrá yìí pa. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lọ."

"Mo mọ̀."

Àwọn méjèèjì wá ń wò mí. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo ní ọmọ nílé, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo sì rántí lóòótọ́. Mo rántí ọmọbìnrin kan ní Ìgbẹ́tì, Sìfáwù lorúkọ rẹ̀, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Ó sọ pé òun fẹ́ ṣe tíṣà torí pé wọ́n máa ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ ìyá òun jẹ, ìyá náà kò sì mọ ìwé. Gbogbo rẹ̀ wà lórí mi bíi pé àná ni. Mo gbé ọwọ́ sórí kíbọọ̀dù. Mo tún gbé e kúrò.

Mo ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n lọ wá wọn. Mo ti ń gbèrò àtilọ sílé tẹ́lẹ̀."

Ó ní, "Wọn kò ní dúró dè ọ́."

Lóòótọ́, wọn kò dúró. Wọ́n gé ìrànwọ́ náà kù, ipò Màmá sì parẹ́. Ó kó súwẹ́tà rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìjókòó, ó ní òun ti dàgbà tó láti máa gbin ewébẹ̀ ní Rowlett. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Dókítà Helen tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀, ó dì mọ́ ọn, Màmá sì jẹ́ kó dì mọ́ òun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sílé. Láti Ìwó ni mo ti ń wọ ọkọ̀ kiri. Àwọn kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ti lọ sílé ọkọ, àwọn kan ti wà l'Ékòó, n kò rí wọn. Mo rí Sìfáwù. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìgbẹ́tì, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde sí mi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Wọ́n ní Amẹ́ríkà lẹ ti wá, torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Omi ló ba ohùn rẹ jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gan-an tí mo mọ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, mo tan ẹ̀rọ, mo sì bi í ní ìbéèrè tí wọ́n ti bi í tẹ́lẹ̀. Ó dáhùn pé òun kò fẹ́ ṣe tíṣà rárá nígbà náà. Ìyá òun ló fẹ́ ẹ. Títún rédíò ṣe ló wu òun.

Mo bi í pé, "Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yẹn ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń rẹ́ màmá rẹ jẹ?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ràbíátù nìyẹn, sà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ti bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀. Màmá tèmi kì í tajà, àgbẹ̀ ni wọ́n."

Ohun tó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Arlington, irọ́ ni ǹ bá fi òótọ́ ọkàn kọ, wọn ì bá sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé lórúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Mo pe Màmá láti ilé ìtura tí mo wọ̀ sí.

"Mà, mo rántí òdì."

"Kò burú," ló wí. "O ò ṣáà kọ ọ́."

Ìwé Dókítà Helen pẹ́ kó tó jáde, kò sì nípọn tó bó ṣe fẹ́. Ó sọ nínú rẹ̀ pé omi gba àwọn ohùn kan, pé a wá àwọn tí a lè rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn tìtorí ojú ìwé yẹn gbẹ́kẹ̀ lé gbogbo ìyókù. Iṣẹ́ tún wá díẹ̀díẹ̀, èmi sì jókòó sí ìjókòó Màmá.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ̀rọ kékeré tó tó àtàǹpàkò dé. Lẹ́yìn náà ohùn ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá, àpò kò wá mọ́, eruku pupa kò wá mọ́. Níkẹyìn, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ tó sì ń kọ fúnra rẹ̀ dé. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Yorùbá sí i lẹ́nu, ó kọ ọ́ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n kọ ju bí mo ṣe rò lọ. Lópin iṣẹ́ mi, ẹ̀rọ á kọ, èmi á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, màá fi etí yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yára jù mí lọ, n kò bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò rí ọjọ́ kan tó dá dúró pé ohun tí òun kọ kò jọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa sọ. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn ún tó bá ṣì í gbọ́.

Màmá Adéṣọlá kú ní Rowlett láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Mo lọ síbi ìsìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sẹ́yìn. Tí mo bá ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán nínú mọ́tò, ó ṣì máa ń ṣe mí bíi kí n bojú wo ẹ̀gbẹ́ mi.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó wá láti Abẹ́òkúta kàwé gboyè dókítà ní yunifásítì, Ẹniọlá lorúkọ rẹ̀, wá sílé wa. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí àwa àgbà tí a wà níbí ṣe rí ilé-ìwé lọ nígbà tí ilé-ìwé ṣọ̀wọ́n. Mo rò pé ìmọ̀ràn ló wá gbà. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́. Ta ló kọ́kọ́ mú yín dé ilé-ìwé?"

Gbogbo ọdún tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó bi mí nírú rẹ̀ rí. Ọmọ náà kò kán mi lójú, ó kàn ń wò mí.

Mo sọ fún un pé bàbá mi ni. Alápatà ni ní Ìwó, kò jókòó sí kíláàsì rí. Ilé-ìwé ìjọ nìkan ló wà nítòsí wa, àwọn ará àdúgbò sì ń sọ fún un pé bí mo bá wọ ibẹ̀, n kò ní kírun mọ́. Ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó bá ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi nìyí. Ẹ kọ́ ọ ní ìwé. Ẹ fi ìrun rẹ̀ sílẹ̀ fún mi." Bí mo bá dé lọ́sàn-án, á ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ́ mi sétí òun. Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n dákẹ́ títí màá fi kà á dópin.

Ọmọ mi obìnrin, Kúdírátì, ti jáde láti kíṣìnnì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi rí. Mo ní, "Ẹ ò bi mí." Ó wọlé, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí a parí, Ẹniọlá ṣàlàyé ohun tí mo ti mọ̀, pé a kì í tẹ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú ìwé, pé a máa ń fún un lórúkọ mìíràn. "Bàbá, orúkọ wo ni kí n máa pè yín nínú rẹ̀?"

"Lásísì," mo wí.

"Lásísì kí ni, sà?"

"Lásísì nìkan. Bàbá mi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò dé inú ìwé rí."

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó sì yí i sọ́dọ̀ mi kí n wò ó. Mo fi awò sójú. Ó ti fi gbogbo àmì rẹ̀ sórí.